Àkùrọ̀ tí Mo Yàn ní Clondalkin

Òórùn ilẹ̀ tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn ilẹ̀ tilé, èyí tó máa ń sọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan eruku. Ti ọgbà Clondalkin yẹn, ní Dublin níbí, wúwo jù ú lọ: ewé jíjẹrà, èpò tí wọ́n kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àti omi tí kò rí ibi gbà lọ. Àárọ̀ Sátidé kan ni, òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dẹwọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn onírin ọgbà náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ àgbá omi kọjá, mo sì rí igi kan tí wọ́n gún sáàárín ilẹ̀ mi. Wọ́n so aṣọ pupa pélébé kan mọ́ orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Gbogbo àwa tí à ń dáko níbẹ̀ la mọ ohun tí igi yẹn wí. Ìyá òyìnbó tó ń ṣe olórí ọgbà ló máa ń gún un sórí ilẹ̀ tí kò bá sí ohun ọ̀gbìn lórí rẹ̀. Bí ìgbà ooru bá wọlé tí ilẹ̀ náà ṣì wà lófìfo, wọn á gbà á, wọn á sì fún ẹlòmíràn tó ti ń retí. Òfin ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo dojú korobá kan dé, mo jókòó lé e. Nígbà tí mo gbójú sókè, apá òkè ilẹ̀ kan náà ni mo rí, ti obìnrin ará Íńdíà tí a jọ gba ilẹ̀ náà. Tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kiní kan bíi iná ràn láyà mi, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Abúlé kan lápá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sórí ilẹ̀ òkè, ìyá mi sì ń dá àkùrọ̀ létí odò. Ìwọ náà mọ iyì tí àkùrọ̀ ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí gbogbo oko bá gbẹ, ibẹ̀ nìkan lewé ti ń yọ. Ẹni tó bá ní àkùrọ̀ kì í ra ẹ̀fọ́. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo sì wá kí ìyá mi lọ́jọ́ tí àwọn tó gbé ìbọn wọ abúlé náà lọ́sàn-án gangan. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Wọ́n kó èèyàn lọ, àwọn kan ò sì padà wá. Èmi gba ẹ̀yìn ilé ìdáná sá, mo já sí àkùrọ̀ ìyá mi, mo fàyà lélẹ̀ sínú omi lábẹ́ ewé kókò títí ariwo fi rọlẹ̀. Àkùrọ̀ ló gbà mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́, ibi tí mo ti lè rí ẹni tó ń wọlé ni mo máa ń wá.

Ọkọ mi ti ṣáájú wá sí Dublin, òun ló ránṣẹ́ pe èmi àti ọmọbìnrin wa. Mo ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí. Màmá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wò mí lójú lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́. Lọ wá ilẹ̀ tí o máa fọwọ́ kàn.” Bí mo ṣe dé ọgbà náà nìyẹn. Ó jẹ́ ìyanu fún mi pé lọ́jọ́ tí mo bá ti ro ilẹ̀ níbẹ̀, mo máa ń sùn, tí mi ò ní ta jí. Ìdí nìyí tí igi aláṣọ pupa yẹn fi dà bí ẹni tó fẹ́ wá gba oorun lójú mi.

Àwọn tó ń retí ilẹ̀ pọ̀ nígbà tí mo dé, ìyá olórí ọgbà sì ní tí mo bá lè rí ẹnì kejì, kí a jọ gba ẹyọ kan tó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọgbà. Obìnrin ará Íńdíà náà, ibi iṣẹ́ kan náà la wà. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń pè mí ní Ákà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin lédè wọn. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pe Ákà yẹn, ó dà bíi pé ó ń kúnlẹ̀ kí mi ni, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí. Èmi ń pè é ní àbúrò, mo kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni òun náà.

Ilẹ̀ tí wọ́n fún wa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Apá òkè rẹ̀ pupa díẹ̀, ó gbẹ, òkúta sì wà nínú rẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ dúdú, ó rọ̀ bíi fùfú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ pín in, ó mú okùn dání.

“Ákà, ẹ jẹ́ ká là á láti òkè dé ìsàlẹ̀,” ó wí. “Kí ẹ ní díẹ̀ lókè, kí ẹ ní díẹ̀ nísàlẹ̀, kí èmi náà ní bẹ́ẹ̀.”

“Ilẹ̀ tí kò tó nǹkan yìí náà lo fẹ́ ká gé bí ẹran iléyá?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bí bàbá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ ṣe pín tiwọn nìyẹn.”

“Máa mú òkè. Ìsàlẹ̀ tó mi.”

“Ṣé ó dá yín lójú? Omi máa ń dúró níbẹ̀ o.”

“Omi gan-an ni mo ń wá.”

Mo rò pé ó ti rí ilẹ̀ dúdú náà, ojú rẹ̀ sì wọ̀ ọ́, ló ṣe ń sọ̀rọ̀ okùn. Mo fọgbọ́n àbáláyé yan àkùrọ̀. Mi ò rántí pé ní Dublin, kò sígbà tí à ń wá omi kiri.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni owú bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ olókùúta rẹ̀ kò gba omi dúró, oòrùn sì ń tètè kàn án láàárọ̀. Ó gbin ewé kan tí wọ́n ń pè ní méètì, ó gbin ewé kọriáńdà, ó gbin àlùbọ́sà àti ẹ̀wà. Etí ilẹ̀ pàápàá kò jẹ́ kó lọ lásán. Ibi tí èmi ń tẹ̀ kọjá, ó ti gbin áyù síbẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá fi etí oko sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ. Nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi, irúgbìn ń rà kó tó hù. Tẹ̀tẹ̀ yọ, ó pọ́n, ó kú. Ìrì dídì tó máa ń rọ́ wá sísàlẹ̀ ló jó elégédé mi lójú, nígbà tí tirẹ̀ lókè kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo máa ń kí i, mo máa ń yin ọgbà rẹ̀, àmọ́ bí mo bá padà délé, mi ò ní lè jẹun. Ó máa ń fún mi ní ewé kọriáńdà nínú ọ̀rá. Mo máa ń gbé e sínú fìríìjì títí yóò fi rọ.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọgbà náà. Ilé rẹ̀ ni. Bí òjò bá lé wa wọ inú ahéré tí a ń kó irinṣẹ́ sí, a máa ń mu tíì látinú fíláàsì rẹ̀, á sì máa sọ̀rọ̀ abúlé wọn. Ó ní ilé àwọn jẹ́ alámọ̀, abẹ́ òrùlé kan náà ni èèyàn àti ẹfọ̀n ọ̀sìn ń sùn, ògiri kékeré kan ló là wọ́n láàárín. Ìyá rẹ̀ a máa po ìgbẹ́ ẹfọ̀n mọ́ pòròpórò, a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó gbẹ, òun ni wọ́n fi ń dáná. Ipa ìka ìyá rẹ̀ máa ń wà lára ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ wọn fọ́ sí wẹ́wẹ́: tín-ín-rín kan lórí òkè tí wọ́n ń gbin ẹ̀pà sí, tín-ín-rín kan nísàlẹ̀ létí adágún fún ìrẹsì. Ó fún débi pé bí màlúù tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ bá fẹ́ yí padà, orí ilẹ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ni yóò ti yí. Orí ààlà tí èèyàn ń tò lórí bí èèrà, òtílí àti làrà ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀: àwọn á jẹ èso òtílí, ewúrẹ́ á jẹ ewé rẹ̀, igi rẹ̀ á di igi ìdáná. Kànga kan ni ọmọ ìyá mẹ́ta jọ ní, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ ní ìpín-ìpín, iná mànàmáná sì ń dé nígbà tó bá wù ú. Bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ jà nítorí ààlà tí kò ju ẹsẹ̀ kan lọ, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ inú oko ẹnì kan lomi ẹnì kejì ń gbà kọjá.

Ìyà ni ẹlòmíràn á gbọ́ nínú ìtàn yẹn. Ilẹ̀ ni èmi gbọ́. Nígbà mìíràn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin á pè é lórí fóònù, wọ́n á gbé fóònù náà rìn láàárín ìrẹsì kí ó lè rí i. Mo máa ń yọjú láti èjìká rẹ̀. Àwọn obìnrin tẹrí ba sínú omi tó dé orúnkún, ọmọdé kan ń darí ẹfọ̀n lọ, kò sì sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn. Ìyẹn ló ń pa mí. Kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn. Èmi náà ní ilẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ mọ́. Igbó ti bo ojú ọ̀nà. Mo máa ń rò ó nínú mi pé, obìnrin yìí ní oko nílé, ó tún ní òkè níbí. Kí ló ṣe fún Ọlọ́run tí èmi ò ṣe?

Báyìí ni mo ṣe wà tí igi aláṣọ pupa fi dé bá mi. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù. Ó ti dàgbà, ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi máa ń dá mi lóhùn. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, igi lásán ni, gbogbo rẹ̀ máa “grand,” ìyẹn ni pé á dára. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá, ọmọ tí a gbé wá síbí kò lè mọ ìyẹn. Mo ṣì jókòó lórí korobá nígbà tí obìnrin ará Íńdíà náà wọlé. Ó rí igi náà, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló wọ ahéré lọ, ó sì mú okùn àtijọ́ yẹn jáde.

“Ákà, ẹ jẹ́ ká tún ilẹ̀ yìí là.”

Gbogbo ohun tó ti ń hó nínú mi ru jáde. “O ti rí i pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, o wá fẹ́ tètè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́? Gbogbo ilẹ̀ tó wà nílé yín, kò tó ọ?”

Ó wò mí. “Ilẹ̀ wo, Ákà?”

“Èyí tí ò ń wò lórí fóònù!”

“Ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.” Ó jókòó sórí òkúta tó dojú kọ mí. Ó ní nígbà tí bàbá àwọn kú, òfin ìjọba wọn sọ pé ọmọbìnrin ní ìpín. Ṣùgbọ́n lábúlé wọn, ọmọbìnrin tó bá gba ìpín rẹ̀ ti ta ilé bàbá rẹ̀ nù. Bó bá bímọ, wọn kò ní wá. Bí ọkọ bá lé e, kò ní ríbi padà sí. Nítorí náà, ó yọwọ́. Ó yọwọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n sì fún un ní aṣọ tuntun kan. Bí ó bá lọ sílé báyìí, àlejò ni. Bó bá fẹ́ já ata lóko tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro nígbà ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Òkè olókùúta yìí,” ó wí, “òun ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní.”

Ó wá bi mí pé, “Lọ́dọ̀ yín ńkọ́? Ṣé ọmọbìnrin ń pín nínú ilẹ̀?”

Mo ṣàlàyé ìdí-igi fún un: bí bàbá bá ní ìyàwó mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n máa pín in sí, ìyàwó kan, ìdí kan, àwọn ọmọ ìyá á sì pín tiwọn láàárín ara wọn. Ní ìdí ìyá mi, àwa obìnrin náà gba tiwa. Tèmi wà létí odò, wọ́n gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀.

“Orúkọ yín ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀ náà?”

“Títí dòní.”

Mo rí kiní kan lójú rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n, nítorí ojú mi ni mo ti máa ń rí i nínú dígí. Owú ni. Èmi tí mo ní ilẹ̀ tí mi ò lè tẹ̀, òun tó lè tẹ ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, àwa méjèèjì jókòó nínú ẹrẹ̀ Clondalkin, a ń jowú ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé tí o fẹ́ fún mi lára òkè rẹ?” mo bi í.

“Bí wọ́n bá gbé òyìnbó kan wá síbí, ta ni màá máa fi ẹfọ̀n àwọn ẹ̀gbọ́n mi yangàn fún?”

A fa okùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdajì méètì rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ mi, ìdajì ẹrẹ̀ mi bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá olórí ọgbà wá wò ó, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní okùn kì í ṣe ohun ọ̀gbìn. Òun kò ní yọ igi náà àyàfi bí òun bá rí nǹkan tó dúró dáadáa nísàlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí eré níbẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò mi gbẹ́ gọ́tà tóóró, bí wọ́n ṣe máa ń gbẹ́ ẹ nínú oko ìrẹsì, kí omi lè rí ọ̀nà lọ síbi kòtò ẹ̀yìn ògiri. Èmi gbé ọkọ́, mo kọ ebè bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Mi ò kọ ebè láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Apá mi ti gbàgbé, ẹ̀yìn mi sì rántí. Mo kọ wọ́n gíga bí ẹni tó fẹ́ gbin iṣu, àbúrò mi dúró, ó ń wò mí bí ẹni wo alágbẹ̀dẹ.

“Ákà, ta ni ẹ fẹ́ sin síbẹ̀?”

“Àìgbọ́n mi.”

A gbin pòtétò sínú àwọn ebè náà, a gbin ẹ̀wà sí etí wọn, ó sì fi áyù sórí gbogbo ààlà. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ tó ń dá. Òjò Dublin tó máa ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tútù, ọjọ́ dé ọjọ́. Níbi iṣẹ́, bí mo ṣe ń fún àwọn arúgbó lóúnjẹ, ojú fèrèsé ni ojú mi wà. Nígbà tí mo ráyè, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Omi dúdú ń ṣàn wẹ́ẹ́rẹ́ nínú gọ́tà, àwọn ebè sì yọ orí síta bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ewé ẹ̀wà ti ya lórí wọn. Mo dúró síbẹ̀, omi òjò àti omijé jọ ń ṣàn lójú mi, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi.

Nígbà tí pòtétò ti tanná, ìyá olórí ọgbà dé. Ó gba àárín wa kọjá, ó rìn dé ìsàlẹ̀, ó fi bàtà rẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ebè kan wò. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ tutù bíi tèmi. Ìyá náà tẹ̀ ba, ó tú aṣọ pupa náà, ó tì í bọ àpò rẹ̀. Ó fi igi náà sílẹ̀.

“Ẹ fi gbé ẹ̀wà yẹn dúró,” ó wí, “ó ti fẹ́ wó lé ara rẹ̀.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí okùn yẹn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń gé ilẹ̀ wẹ́wẹ́ nítorí ìṣẹ́ ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀: kí ọ̀dá má baà pa ẹnì kan tán, kí omíyalé má baà gbé ẹnì kan lọ pátápátá, kí ẹni tí tirẹ̀ dára lókè ní ìdí láti bojú wo ìsàlẹ̀. Owú mi kò tán. Àlùbọ́sà rẹ̀ ṣì ń tóbi ju tèmi lọ, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú mi náà ló ń ṣọ́ ilẹ̀ mi nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ń so ẹ̀wà mọ́ igi tó kù nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn onírin dún. Ẹnì kan wọlé. Ìgbà tí mo so ìdì kejì tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé mo kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, mi ò sì yíjú padà.